Ìgò Ewé Tí Ẹ Gbé Wá fún Ọkọ Mi

                                        Ilé Kejì, Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu ńkọ́? Mò ń kí yín nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa kọ́ wa, kì í ṣe pé inú mi dùn sí yín.

Ẹ gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkọ mi wà ní ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e débẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí dókítà fún un ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń gẹrun, ó ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ wá jókòó sí pálọ̀ mi, tí ẹ ní oògùn wèrè ni odindi ọkùnrin ń gbé mì. Ẹ gbé ìgò kápúsù tí ẹ ń tà kalẹ̀.

Ẹ ní, "Ewé lásán ni. Ta ni ewé ń pa? Ẹ má sọ fún dókítà o, wọn kì í fẹ́ kí ewé gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́."

Ojú yín ló ń tì í tó fi ń lo méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n tíṣà kan, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Abẹ gé tíṣà létí. Òógùn bo ọkọ mi, ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ń sọ ìsọkúsọ. Àwọn oníbàárà sá jáde, wọ́n ń pariwo pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ní ọsibítù, dókítà bi mí pé, "Kí ló tún ń lò?" Mo ní kò sí. Ìmọ̀ràn yín ni mo gbà. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi wá ohun tó wà nínú báàgì mi. Ìgbà tí gbogbo iṣan rẹ̀ le bí igi ni mo tó mú ìgò náà jáde.

Dókítà ní, "Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe lára. Wọ́n ti pọ̀ jù fún un. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀."

Wọ́n ní aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ẹ̀yin lẹ ṣe àṣejù, ọkọ mi ló tẹ́. Èmi náà jẹ̀bi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi sùn lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ṣì ń ta tiyín.

Lánàá, ó la ojú. Ó ní, "Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ewé yẹn ni. Torí pé wọ́n fẹ́ràn mi ni wọ́n ṣe gbé e wá. Sọ fún wọn pé ibà ni."

Àárọ̀ òní ló dákẹ́. Kì í ṣe ibà.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ má wá síbi ìsìnkú.

Èmi ni, bó ti wù kó rí,
Àbúrò yín,
Ìyàwó onígbàjámọ̀.