Ìyá Onítìmùtìmù, Ẹni Tó Sọ Ṣọ́ọ̀bù Di Ilé

Ọdún 1951 ni wọ́n bí ìyá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Onítìmùtìmù, sínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà. Bàbá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Aránṣọ ni ìyá wọn.

Wọ́n jáde ilé-ìwé girama lọ́dún 1969, wọ́n sì lọ kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ní 1976 ni àwọn àti olóògbé bàbá wa, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀dà kíkùn, ṣègbéyàwó.

Lọ́dún 1983, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mọ́kànlá, àwọn ló ń ya bí inú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí. Kí wọ́n tó ya ohunkóhun, ìyá wa á pọn ọmọ, wọ́n á máa rìn káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó bá ti rẹ̀ wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n á ní kí wọ́n gbé àga onítìmùtìmù sí. Wọ́n yọ iná funfun tó ń gún èèyàn lójú. Wọ́n gé káńtà kúrú kí arúgbó lè rí ojú ẹni tó ń tajà. Wọ́n á ní, "Ẹni tó wá bá ọ, tí o ò ní kó jókòó, ṣé o kí i káàbọ̀ ni?"

Ní 1997, iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn níbi ayẹyẹ kan. Ọ̀gá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ní kí ìyá wa bá òun dì í mú, ó gun orí pèpéle, ó ní, "Èmi ni mo dá gbogbo rẹ̀ rò." Inú ń bí wa títí dòní. Ẹ ó rí i pé "ó" là ń pè é, a ò pè é ní "wọ́n". Kì í ṣe àṣìṣe atẹ̀wé o. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Lọ́dún 2009, ó ní kí wọ́n kó gbogbo àga dànù, pé àwọn èèyàn ń jókòó jù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá wa fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2019, orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n lọ ra ẹ̀wù ọmọ ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì fara ti ògiri. Ẹ̀ṣọ́ dé, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fara ti ògiri níbí." Ògiri tí àwọn fúnra wọn yà! Wọ́n délé, wọ́n bú sẹ́kún. A ò rí ẹkún wọn rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Nínú ìjọ, àwọn ló bá àwọn alàgbà fà á títí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn sí bẹ́ǹṣì àwọn aláboyún. Wọ́n tún ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà ládùúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n sùn tí wọn ò jí mọ́. Ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò obìnrin kan ni wọ́n fi sáyé.

Ọ̀gá yìí ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́. A kọ̀. A bá àwòrán àwọn ṣọ́ọ̀bù náà mọ́kànlélógójì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, orúkọ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n yà á wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ti lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri gbọ̀ngàn yìí yípo. Kí ó dìde níbi tó jókòó sí, kó lọ kà á lójú gbogbo yín.

Ẹ sùn re, ìyá wa. Ẹ má bínú mọ́. Ìbínú tó kù, tiwa ni.