Fáìlì Àná Ló Ń Jẹ́ Ìpè

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Ìyá Àgbà, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní Koumassi Remblais ní Abidjan níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni mo kúnlẹ̀ fún. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Súlè àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí gbogbo agboolé.

Mo gbọ́ ohùn yín lórí fóònù. Ẹ ní kí n wá àgbàlagbà kan tí yóò mú mi lọ bẹ ọ̀gá mi. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ yín. Bàbá Kàmórù, àbúrò bàbá mi tó gbà mí sílé nígbà tí mo dé Abidjan, ló dìde ní ìpàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Treichville, tó ní mo ti ba orúkọ ìlú jẹ́ níbi iṣẹ́. Kí ìpàdé tó tú ni wọ́n ti tẹ̀ yín láago. Ó dáa. Gbangba ni wọ́n ti bú mi, gbangba náà ni mo ti ń fèsì. Kí ẹni tó bá mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í ṣe awo. Ilé iṣẹ́ wa ló ṣe ìkànnì ayélujára fún ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò wa. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn wò, kò ní tún wọ takisí wôrô-wôrô padà lọ gba èsì mọ́. Yóò ṣí ìkànnì náà, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, fáìlì èsì rẹ̀ yóò sì bọ́ sórí fóònù rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé bọ́tìnnì yẹn ń ṣiṣẹ́ kí aláìsàn tó fọwọ́ kàn án. A kì í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ o. A máa ń kọ àṣẹ kan, tí à ń pè ní ìdánwò, fún kọ̀ǹpútà pé kó ṣí ìkànnì fúnra rẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì, kó sì lọ wo inú àpò tí fáìlì ń bọ́ sí. Bó bá rí fáìlì níbẹ̀, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Bí kò bá rí i, iná pupa ni. Ó yẹ kó yé ọmọ iléèwé.

Kò yé Kàmórù. Kàmórù ọmọ Bàbá Kàmórù, tí wọ́n bí sí Abidjan, tó ń gbọ́ Yorùbá tó sì ń fi Faransé dáhùn, òun ló kọ ìdánwò yẹn kí n tó débẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé! Ohun kan ṣoṣo tí ìdánwò rẹ̀ ń bèèrè ni pé, ṣé fáìlì èsì wà nínú àpò? Kò sì sí ẹni tó ń kó ohun tó wà nínú àpò dànù. Fáìlì tó ti bọ́ síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Súlè, ẹ má bínú, ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sá kúrò ní iléèwé tí ọ̀rẹ́ yín á máa bá yín jẹ́ ìpè? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Fáìlì àná ló ń jẹ́ ìpè fún tòní. Tòní lè má dé rárá, iná á ṣì tàn bí ewé, Kàmórù á sì máa mu káfé rẹ̀.

Mo kó àpò náà dànù. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Mo kọ àṣẹ tuntun pé kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ gbá inú àpò mọ́, kó tẹ bọ́tìnnì, kó dúró títí fáìlì á fi wọlé tán, kó wá ṣí i, kó sì wá orúkọ aláìsàn nínú rẹ̀. Iná pupa. Mo tún ṣe é, pupa náà ni. Mo fọwọ́ ara mi tẹ bọ́tìnnì. Fáìlì dé lóòótọ́, orúkọ rẹ̀ pé, inú rẹ̀ ṣófo bí àpò ìwé tí wọ́n ti jẹ búrẹ́dì inú rẹ̀ tán.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Patron. Ó ti gbé ìlú Faransé rí, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Nínú ooru tí gbogbo wa ń làágùn, kóòtù ló máa ń wọ̀. Ó ní àwọn ará ilé ìwòsàn náà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, pé oníbàárà kì í ra pupa. Kí n yọ àṣẹ mi kúrò, kí n dá ti Kàmórù padà, kí n sì fọwọ́ sí i pé mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó pé. Mo bi í pé kí ni aláìsàn yóò kà. Ó ní aláìsàn yóò rò pé fóònù òun ló bàjẹ́. Ẹ wo orí tó ń darí ilé iṣẹ́! Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Ó ní kí n máa lọ sílé títí n óò fi gbọ́n. Kàmórù tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, la vieille, faut pas gâter affaire àwọn o, kí n má ba iṣẹ́ àwọn jẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ti ń jẹ.

Ni àwọn àgbà wa bá jókòó ní Treichville, wọ́n dá ẹjọ́ mi láìpè mí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà; ẹnu wọn ni mo ti kọ́ òwe yẹn. Kò sí ẹni tó bi Bàbá Kàmórù pé kí ni mo ṣe gan-an. Wọ́n ní obìnrin tó dé lánàá kò gbọdọ̀ máa yẹ iṣẹ́ ọkùnrin wò. Ẹ̀yin àgbà, yíyẹ iṣẹ́ wò ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún!

Láti ìgbà náà, òjò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Omi wọ yàrá tí mo háyà, ó mu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Kàmórù ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Èmi nìkan ni mò ń jẹ attiéké mi. Àárò yín ń sọ mí, Ìyá mi, mo sì ti sunkún. N kò rí nǹkan fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, ẹ má bínú.

Wọ́n ṣí ìkànnì náà láìsí mi. Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Kàmórù kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án, tàwọn ti fóònù ìyàwó wọn lọ́wọ́. Ó ti ń rẹ Ìyá Kàmórù, òùngbẹ kì í dá lọ́fun rẹ̀, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn yẹn, wọ́n ní kó lọ wo èsì lórí fóònù. Bàbá ní fóònù ti bàjẹ́, funfun báláú ló ń fi hàn, kí n bá òun tún un ṣe. Mo sọ fún wọn pé fóònù kò ṣe nǹkan kan. Mo sọ ẹni tó kọ ìdánwò rẹ̀, mo sì sọ ohun tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí. Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n pe Kàmórù, kò gbé e. Èmi ni mo mú Ìyá Kàmórù lọ sílé ìwòsàn náà, tí mo pariwo níbẹ̀ títí wọ́n fi tẹ èsì náà sórí ìwé. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní bí a bá tún pẹ́ díẹ̀, ó lè dákú kó má jí. Wọ́n ti fún un lóògùn, ara rẹ̀ ti ń le, ẹ má gbé ọkàn sókè.

Mo lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Bàbá Kàmórù dìde. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá kí ìyàwó wọn, wọ́n sì jókòó.

Nítorí náà, Ìyá mi, mo gbọ́ ohun tí ẹ wí, n kò sì ní ṣàìgbọràn. Mo ti rí àgbàlagbà tí yóò mú mi lọ. Kí Bàbá Kàmórù bá mi dúró níwájú Patron, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, torí mo kọ̀ láti jẹ́rìí sí fáìlì òfìfo tí ilé iṣẹ́ wa fi ránṣẹ́ sí ìyàwó wọn. Bí wọ́n bá wí bẹ́ẹ̀ tán, n óò kúnlẹ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ẹ ó jèrè wa, ojú ò ní ti yín lórí mi. Ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí ará ilé àti ará àdúgbò, ẹ sì kí ẹni tó bá bá yín ka èyí.

Èmi ni ọmọ yín,
Rísíkátù