Mo Tì Í

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Èmi kò mọ̀wé. Tíṣà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń kọ èyí, ẹnu tèmi ló ti ń jáde. Mo ti sọ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má fi iyọ̀ sí i. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí ìyàwó mi ṣubú láti orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ọ́fíìsì tó ń wádìí ikú òjijì ti kọ̀wé wá: ohun tí mo ṣe, ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí n kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, kí n tẹ ọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá jàǹbá ni tàbí ẹjọ́. Tíṣà ní kí n kọ́kọ́ máa sọ ọ́ sínú ìwé yìí, kí n má baà gbàgbé.

Bí ẹni pé mo lè gbàgbé.

Káfíńtà ni mí. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn tó wà lókè àtẹ̀gùn yẹn. Ọmọdé lè fi ìka kan tì í. Ẹnu rẹ̀ gan-an ni àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀ — ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ọpá ìdìmú. Ọdún mẹ́ta ni ìyàwó mi fi bẹ̀ mí pé kí n ṣe ọpá náà. Mo ń ṣe ti àwọn tó ń sanwó.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọmọ mi kan ṣoṣo dé. Akọ̀wé ni mo ń pè é, torí pé láti kékeré ló ti ń fi èédú kọ nǹkan sára pákó mi. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn odi. Mo ní kí Tíṣà bá mi kọ gẹ̀ẹ́sì náà, Akọ̀wé ní rárá, òun ni yóò kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìyá òun kì í ṣe ti ará ìta.

Ó bi mí ní ìdí ariwo tí àwọn aládùúgbò gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní ọ̀rọ̀ ọpá ìdìmú ni. Mo jágbe mọ́ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ mi, a jẹun. Tọkọtaya ni wá.

Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

A kọ ọ́ lónìí. Gẹ̀ẹ́sì yìí — wàhálà. Ní tiwa, mo lọ ni mo lọ. Ìwọ tó ń gbọ́ ni kó o mọ̀ bóyá àná ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá gbọ́dọ̀ wọ aṣọ àná. Èèyàn kú tán, ọ̀rọ̀ tún fẹ́ ṣọ̀fọ̀. Lórí gbogbo nǹkan, Akọ̀wé á bi mí: ṣé ẹ ṣe é tán ni, àbí ẹ ń ṣe é lọ́wọ́, àbí ẹ máa ń ṣe é?

Mo sọ fún un pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Ìyá ẹ gbé agbọ̀n aṣọ, ó forí lé ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ń jà. Mo tì í. Mo gbọ́ gbì.

Ó gbé bírò sókè. Ó ní, "Ẹ tì wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ yìí ti pẹ́ lẹ́yìn odi débi pé ó ń bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀kùn. Mo ní, "Mo tì í. Ta ni ìbá tì í?"

Ó bi mí bóyá ọjọ́ yẹn nìkan ni. Mo ní rárá o, ojoojúmọ́ ni mo máa ń tì í, àṣà mi ni, ìyá ẹ gan-an mọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ wàràwàrà, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mo ní kó kà á fún mi. Ó ní gẹ̀ẹ́sì ni, kò lè yé mi. Mo ti àtàǹpàkò bọ íǹkì, mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Akọ̀wé kò jẹun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó ń gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ó dúró. Ó fi ẹ̀yìn lẹ ògiri bí alángbá. Ó ní, "Ẹ máa kọ́kọ́ lọ, Bàbá." Ohùn rẹ̀ kéré.

Èjìká mi yìí ló máa ń jókòó lé nígbà tí kò tíì lè gun àtẹ̀gùn.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó yọ àwòrán ìyá rẹ̀ lọ. Ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. N kò yọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo bẹ̀rẹ̀ ọpá ìdìmú. Tíṣà bi mí pé fún ta ni. Mo ní kó máa kọ ìwé rẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkùnrin onígíláàsì wá láti ọ́fíìsì. Ó wọn àtẹ̀gùn. Ó ka ìgbésẹ̀ rẹ̀: mẹ́tàdínlógún. Ó ní kí Tíṣà bi mí bí ìyàwó mi ṣe wúwo tó. Ìbéèrè wo nìyẹn? Ó ní kí n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu. Ó ní kí n wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n mú lọ́yà dání. Mo ní kí ni káfíńtà fẹ́ fi lọ́yà ṣe. Tíṣà kò túmọ̀ ìyẹn fún un.

Ó fi ẹ̀dà ìwé mi sílẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ojú Tíṣà, ó ní ó dìgbà tí òun bá rí gíláàsì òun kí òun tó lè kà á.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Tíṣà ka ìwé náà. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó ní gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, kò sí àṣìṣe kan, gbogbo ọ̀rọ̀ wọ aṣọ àná wọn bó ṣe yẹ. Mo ní kí ló wá dé tí o fi ń wò mí bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ taari ìyàwó yín. Wọ́n ní ojoojúmọ́ lẹ máa ń taari wọn."

Mo jókòó.

Ó ṣàlàyé. Tì ti ilẹ̀kùn wà. Tì ti èèyàn wà. Lẹ́nu wa, ọ̀kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí a ń pè ní "í", àwa fi ń pe ilẹ̀kùn, a fi ń pe ìyàwó ẹni. Gẹ̀ẹ́sì yà á sọ́tọ̀ bákan náà.

Kì í ṣe ilẹ̀kùn ni ọmọ mi ń bọ̀wọ̀ fún.

Tíṣà pè é lórí fóònù, ó rò ó fún un. Akọ̀wé ní òun ń bọ̀ lọ́la ní aago mẹ́rin, kí Bàbá sọ ọ́ lójú òun: ilẹ̀kùn ni àbí ìyá òun?

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Aago mẹ́rin kò ní pẹ́ lù. Tíṣà ti kọ ìwé tuntun, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ó rọrùn: kí n sọ fún òun pé ilẹ̀kùn ni, òun á kọ ọ́, ọ̀la wọn á tú mi sílẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ ṣe é bí mo ṣe ṣe é, kí àṣìṣe má baà tún wọ̀ ọ́.

Mo lọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn náà. Mo fi ìka kan tì í. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kan férémù. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Lọ́jọ́ yẹn, kò lọ.

Mo fi ìka tì í, kò lọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́, kò lọ. Inú ṣì ń bí mi láti àárọ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Káfíńtà mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn — á tì ọ́, á fi ọ́ sílẹ̀, á tún tì ọ́. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí dúró jẹ́ẹ́. Ó rọ̀.

Tíṣà ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó ti gbé bírò sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Akọ̀wé nísàlẹ̀.

Gbé bírò, Tíṣà. Fi gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Kọ ọ́ ní tiwa, kí ó fi ojú ara rẹ̀ kà á, kí ó mú èyí tó bá mọ̀.

Mo fi èjìká tì í.