Táyà Abẹ́ Ìrù

Màmá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi le. Ọkọ̀ òfuurufú tí mò ń fọwọ́ ara mi kàn lẹ́yìn ilé ti ń parí lọ. Ọ̀rọ̀ táyà nìkan ló dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ mẹkáníìkì sọ pé iwájú ni kí n fi táyà kẹta sí, pé tó bá wà lábẹ́ ìrù, ọkọ̀ á fẹ́ máa yí po nílẹ̀. Mo fárígá. Òkúta ló kún pápá tí mo ti fẹ́ máa gbéra. Táyà abẹ́ ìrù ló máa gbé imú ọkọ̀ sókè, tí abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú ò fi ní gbá òkúta.

Lánàá mo wà á lórí ilẹ̀ lásán. Ó sáré dáadáa. Ó wá yí díẹ̀.

Mẹkáníìkì yẹn ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí ọwọ́ mi ń sinmi. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó yéé rẹ́rìn-ín. Abẹ́ ìrù náà ni táyà yẹn máa wà.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Nọ́ọ̀sì tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì mi náà ní kí n kí yín.