Iṣẹ́ Fóònù Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Rẹ

                                                            Àdúgbò Ìsàlù,
                                                            Ìṣẹ́yìn,
                                                            Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                                            Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Wàhábì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Misturat ìyàwó wa ńkọ́? Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ṣé àlejò tuntun ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo gbọ́ pé òjò kò jẹ́ kí Ìlọrin sinmi lọ́dún yìí. Ara tiwa náà le níbí, ojú ló ń tì mí.

Má bínú pé n kò pè ọ́. Bí mo bá pè, wàá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, èmi náà á sì tún rí àyè purọ́.

O rántí pé oṣù kẹrin ni ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ wa ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ, Ìyá Ramlah, máa lọ sílé, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń gbé fóònù àwọn oníbàárà. Mo sọ fún wọn pé ọ̀gá ló ṣe é, pé mo bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n gbàdúrà fún mi. Ìwọ náà pè láti dúpẹ́. Wàhábì, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo gbé àbá náà wá. Mo lọ sí ìpàdé kan n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti sọ pé ilé-iṣẹ́ tó gbọ́n a máa gbé apá kan iṣẹ́ rẹ̀ fún ará ìta tó mọ̀ ọ́n ṣe. Aotusọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Mo dé, mo ń fi tàì ṣe yànga, mo ní kí á gbé fóònù wa fún ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi ìkíni ṣòfò àkókò. Bí mo ṣe wí gan-an nìyẹn.

O mọ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè oko, wọ́n á béèrè ẹsẹ̀ tó ti ń dun bàbá láti èṣí, kí ẹni tó pè tó ní, “Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà níbẹ̀ o.” Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Àwọn ọmọ Èkó kì í dúró débẹ̀. Ẹ káàárọ̀ kan péré, ó di ṣé ẹ ní ìṣòro. Àgbà Òkè-Ògùn wo lo máa bi bẹ́ẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ dúpẹ́ ná? Bàbá á ní, “A dúpẹ́, kò sí ìṣòro, alihamudulilai,” ọmọ Èkó á kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú oníbàárà dùn, ó parí. Lóṣooṣù ni ìròyìn ń wọlé pé inú gbogbo ayé ń dùn sí wa. Wọ́n tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi ní ìpàdé.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Bàbá Samsudeen tó ń sin adìẹ ní Ofiki gbé àpò kan wọlé tọ̀ wá. Mo bi wọ́n bóyá àlàáfíà ni, wọ́n ní a dúpẹ́. Àpò ń rùn lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ṣì ń béèrè àwọn ọmọ mi. Ìgbà tí wọ́n kí wa tán ni wọ́n tú u: òkú adìẹ. Oúnjẹ tí a tà fún wọn ti bu, ó sì ti pa ọgọ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pè. Ọ̀gá ní kí á gbọ́ ohùn tí àwọn ará Èkó gbà sílẹ̀. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọmọ ọlọ́mọ ń gé fóònù mọ́ wọn létí. Ojú gbà mí tì débi pé n kò lè bẹ bàbá tán.

Ọ̀gá kò bú mi. Wọ́n kàn ní kí n lọ bẹ Ìyá Ramlah kí wọ́n padà. Àná ni mo lọ, mo sì ti pinnu pé n ó jẹ́wọ́. N kò tíì dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ti bu omi fún mi, tí wọ́n ń sọ fún ará ilé pé èmi lọmọ tó jà fún àwọn. Wọ́n ní nítorí tèmi nìkan ni àwọn fi máa padà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo mu omi náà. Mo gbé ìjẹ́wọ́ mi padà sílé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ó ti rẹ̀ mí.

Bá mi kí Misturat, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Ìlọrin ni mo fi lẹ́tà yìí rán, yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń padà lọ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì pè ọ́ láti bú mi, a jẹ́ pé mo tún ti mu omi. Jọ̀ọ́, pè wọ́n kí wọ́n tó jáde nílé, kí o ka gbogbo lẹ́tà yìí fún wọn. Má fo ìlà kankan.

                                                            Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ṣeé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
                                                            Adétúnjí.