Oúnjẹ Màmá Hisako àti Ẹ̀jẹ́ Mọ́mì

                                                  Ojúlé Kejìlá,
                                                  Goresbrook,
                                                  Dagenham,
                                                  London.
                                                  14 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Wùnmí mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ àtikékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Dávídì ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ibà tó gbé e dè lóṣù tó kọjá ti fi í sílẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti yéé bi ọ́ ní ìbéèrè tí kò ṣé bi? Àwa náà ń bẹ níbí. Òtútù ti ń wọlé, Michelle ọmọ mi sì ń fi òyìnbó dá mi lóhùn bí mo bá bá a sọ Yorùbá. A dúpẹ́ náà ni.

O ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Mọ́mì rẹ ló mú mi fi Bíbélì búra pé n kò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ lórí fóònù, ì báà ṣe ìpè, ì báà ṣe wásáàpù. Mo búra lóòótọ́. Wọn ò rántí mẹ́nu ba lẹ́tà, èmi náà ò sì rán wọn létí. Túbọ̀sún tó ń wọ bàálù lálẹ́ òní láti wá sin bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fi rán, ó sì ṣèlérí pé ilé rẹ ni òun ó kọ́kọ́ yà. Jọ̀wọ́, jókòó kà á.

Mo ti sọ fún ọ rí pé mò ń bá ìyá ará Japan kan ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná rẹ̀. Hisako lorúkọ rẹ̀, Màmá Hisako là ń pè é. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n òun ló ní kí n yéé kúnlẹ̀ kí òun, kí n máa bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́. Ìlú apẹja kan ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fẹ́ẹ̀ pa á, dókítà sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá rẹ̀ àgbà ló gbé e sọ́dọ̀, tó ń fún un ní ìrẹsì tí wọn ò bó èèpo rẹ̀, ewé inú òkun, àti ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà kan tó ń rùn bí irú. Ó yè. Látìgbà náà ló ti gbà pé oúnjẹ ló dá ẹ̀mí òun sí. Makirobáyótíìkì ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ yẹn. Kò sí ẹran níbẹ̀, kò sí ṣúgà. Ó lọ kọ́ ọ níṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ọdún méjì gbáko ló sì fi ń ṣan ìrẹsì kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀bẹ.

Òun àti Kazuo ọkọ rẹ̀ dé London ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Káfíńtà ni Kazuo. Òun ló kan gbogbo tábìlì ilé oúnjẹ wọn, ìyàwó ń se. Ibẹ̀ kéré, àmọ́ àwọn gbajúmọ̀ ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ ìwé oúnjẹ mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ kú, ó ti ilé oúnjẹ náà pa, ó kó wá sí fúláàtì kan ní Barking Riverside, ó wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní oúnjẹ sísè lọ́jọ́ Sátidé. Kì í sọ̀rọ̀ ikú yẹn rárá. Bí o bá bi í, á kọjú sí ìkòkò rẹ̀. Èmi rò pé ọ̀fọ̀ ni.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú Mọ́mì rẹ lọ síbẹ̀, nítorí àtọ̀gbẹ wọn tó ń le sí i. Èmi náà ni mò ń túmọ̀. Màmá Hisako ní kí wọ́n máa rún òkèlè kọ̀ọ̀kan nígbà àádọ́ta kí wọ́n tó gbé e mì. Mọ́mì ní ta ló fẹ́ máa kà á, ni wọ́n bá ń ka Sáàmù kẹtàlélógún lọ́kàn. Bí wọ́n bá dé “láéláé,” wọ́n á gbé e mì. Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Láàárín oṣù méjì, ara wọn fúyẹ́, ṣúgà wálẹ̀, dókítà gan-an yìn wọ́n. Wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́. O mọ̀ pé ní ilé àdúrà tiwa, ẹni tó bá wà nínú àwẹ̀ kì í fẹ́ fi oògùn kan ẹnu. Mọ́mì sọ oúnjẹ Hisako di àwẹ̀. Wọ́n lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìrẹsì yẹn àti omi ìyàsímímọ́ nìkan ni àwọn ó máa lò, pé ó tán láàárín àwọn àti oògùn. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n ń tọrọ fún mi. Oṣù mẹ́rin nìyẹn. Màmá Hisako kò gbọ́ sí i.

Ní Sátidé tó kọjá, a lọ kí i nílé. Wọn kì í wọ bàtà wọlé níbẹ̀. Mọ́mì bọ́ tiwọn, mo sì rí egbò kan ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ó ti dúdú, ó ń rùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì a kì í wọ bàtà, àmọ́ sùtánà wọn gùn débi pé kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n ní kò dun àwọn rárá. Màmá Hisako kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn. Mo túmọ̀ èsì wọn, pé ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti lò ó kẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ló sọ ikú Kazuo fún wa. Jẹjẹrẹ inú ni. Wọ́n tètè rí i, dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, Hisako ní rárá, òun á fi oúnjẹ wò ó. Ọkọ rẹ̀ gbà á gbọ́. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi ń jẹ ìrẹsì yẹn, tó ń dúpẹ́, tó ń gbẹ. Hisako ní òun ò kọ ìyẹn sínú ìwé kankan. Ó bẹ Mọ́mì pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹkún ni mo fi túmọ̀ ẹ̀. Mọ́mì gbọ́ ọ tán, wọ́n kí i kú àdánù, wọ́n wá ní ọkọ rẹ̀ ò jẹ́jẹ̀ẹ́ ni.

Mo lọ bá Wòlíì Sylvanus ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì bá wọn jà, kí n má parọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní kí Mọ́mì pa oògùn tì, ṣùgbọ́n àwọn ò lè tú ẹ̀jẹ́ tí wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ jẹ́ ẹ nìkan ló lè ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo ní ta ni. Wùnmí, ìwọ ni. Mọ́mì ò ní fi oògùn kan ẹnu títí ìwọ yóò fi lóyún.

N kò kọ ọ́ láti fi dá ọ lẹ́bi. Mo mọ ohun tí ojú rẹ ti rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀bi, èmi ni mo mú wọn débẹ̀, n kò sì rí oorun sùn. Ṣẹ̀fíátù, nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì ilé wa, wo ẹsẹ̀ Mọ́mì lánàá. Ó ní àtàǹpàkò ni wọ́n ṣì lè gé báyìí. Bó bá fi kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ni, bí kò bá jẹ́ ẹ̀mí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Pè wọ́n. Má bá wọn jiyàn lórí oògùn, wọ́n á borí rẹ. Sọ fún wọn pé o tú ẹ̀jẹ́ náà, pé o ò fẹ́ ọmọ tí wọ́n bá fi ẹ̀mí wọn tọrọ. Mo mọ̀ pé obìnrin tó ń wojú Ọlọ́run kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu. Sọ ọ́.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kí Dávídì. Fún un ní lẹ́tà yìí kà kí o tó tẹ Mọ́mì láago, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé o ò fẹ́ ọmọ.

Èmi ni, tìrẹ láti ilé ìwé wá,

Moṣọpẹ́.