Ọkọ̀ Tí Kò Ní Kílọ́ọ̀ṣì

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń pè ní Ọlọ́kọ̀,

Ibi tí mo ti ń ṣe bulọ́ọ̀kù ní Ìbà ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹ máa ń jókòó sí bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ẹ fojú fo àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò ju prámárì tíírì lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru yanrìn. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi, torí ẹ mọ̀ mí, ara mi kì í balẹ̀ bí mi ò bá tíì ròyìn ara mi. Bulọ́ọ̀kù mi ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé láti Ìbà títí dé Òkòkòmáíkò. Bí mo bá ń kọjá, ṣe ni mo máa ń nàka sí ògiri: tèmi nìyẹn, tèmi nìyẹn. Ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa kí ẹ tó lọ bá àwọn baba yín, mo ti kọ́ òkè lé e. Àwọn tó ń pè mí ní Oníyanrìn tẹ́lẹ̀, Alága ni wọ́n ń pè mí báyìí, wọ́n sì ń bọ́ fìlà. Ẹ̀yin nìkan ni ò sí níbẹ̀. Bí gbogbo ayé bá rí i tí ẹ̀yin ò rí i, ta ni mo wá fẹ́ fi hàn?

Ọkọ̀ yín ṣì wà. Aláwọ̀ búlúù yẹn. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo wà á wọlé? Ẹ ti gbà nígbà náà pé ẹ ò ní wakọ̀ mọ́ láyé, láti ìgbà tí igi gẹdú ti já lé ẹsẹ̀ òsì yín tí orúnkún yẹn kò sì ká mọ́. Awakọ̀ lọ́rì tí gbogbo ọ̀nà Àgbádárìgì mọ̀, ó wá di ẹni tí wọ́n ń gbé kiri. Èmi tí mi ò kàwé, èmi ni mo wádìí ẹ̀ pé ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní ọtọmátíìkì, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń wà á. Mo wá a títí mo fi rí i. Tòkunbọ̀ ni, àmọ́ ó ń dán bí bàtà tuntun. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń najú, ẹ fi í sí gíà, ẹ sì lọ. Ẹ ò tiẹ̀ kí mi kú ìnáwó. Ìgbà tí ẹ máa fi ti Àjàngbàdì dé, ojú yín ti pọ́n. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Láti ìgbà náà lẹ ti ń fi ọkọ̀ yẹn gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ sí iléèwé. Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ òsì líle, òun tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀yin méjèèjì á máa fi ẹsẹ̀ ara yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, inú á sì máa bí mi. Kí ni mo ń bínú sí nígbà yẹn gan-an?

Ó ti wọ yunifásítì báyìí o, èyí tó wà ní Ìyànà-Ìbà níbí. Ọmọ ẹni tó ru yanrìn! Ọ̀kadà ló máa ń gùn lọ. Ẹ mọ bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń kánjú. Lọ́jọ́ kan, kó tó gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè tán ni ọlọ́kadà ti tẹ iná, ó sì ṣubú lulẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó. Nígbà tí mo rí ọgbẹ́ yẹn, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní ọkọ̀ Bàbá ni yóò máa wà lọ. Mo sọ ọ́ létí gbogbo ará ilé, ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá ti sọ nǹkan, ó ti di sísọ nìyẹn.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Bí ẹ bá fi í sí gíà, á ta bí ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn bá gbá a látẹ̀yìn. Bó bá dé ojú títì, ẹ́ńjìnnì á ké, á ké, gíà kejì ò ní wọlé, ìgbà tó bá sì máa wọlé, gbàgà! Orí gbogbo wa á mì. Àbẹ̀kẹ́ tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ní pápá tó wà lẹ́yìn bulọ́ọ̀kù mi rò pé òun ni òun ò mọ̀ ọ́n wà. Ẹ̀rù wá ń bà á láti fọwọ́ kan gíà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Kámọ́rù, mẹkáníìkì tí mo ń lò ní Òkòkòmáíkò. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì gíà yọ, ó wò ó fìrí, ó tì í padà.

"Ọ́ìlì wà ńbẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì ló kú, Alága."

"Ó kú báwo? Ṣebí òun ló gbé mi dé ibí."

"Ó ń kú lọ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di mánúà, ká fi kílọ́ọ̀ṣì sí i. Gbogbo ọtọmátíìkì tó ń wọ Òkòkòmáíkò, mánúà ni wọ́n ń dà kí wọ́n tó jáde."

Pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan tó ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ dá sí i. "Alága, ọkọ̀ ọ̀lẹ mà ni ọtọmátíìkì. Ọkùnrin bíi tiyín!"

"Ọ̀lẹ? Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ti ń wa lọ́rì gẹdú kí wọ́n tó bí bàbá ẹ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Mo gbé e dé Ọ̀jọ́, mo gbé e dé Àjàngbàdì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹ sọ ọ́ di mánúà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti wọ inú ọkọ̀ yẹn, ọmọ mi ò lè wà á mọ́ láé. Mi ò sì lè là á yé àwọn tó ń fi ọ̀lẹ ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ìgbà tí mo délé, Àbẹ̀kẹ́ ti gbọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i. Ó ṣáà máa rìn. Èmi á máa gun ọ̀kadà mi." Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. Bàbá, ẹ̀rín yẹn ni mo rò mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ yín. Òórùn àbọ́níkì tí ẹ fi ń pa orúnkún ṣì wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí àpò ilẹ̀kùn, mo bá áńkáṣíìfù yín níbẹ̀, funfun, tí àbàwọ́n ọ́ìlì pupa wà lára rẹ̀. Ni mo bá rántí. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹ ó tan ọkọ̀, ẹ ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń dáná. Láti ojú fèrèsé yàrá mi, fìlà yín nìkan ni mo máa ń rí lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èmi á pariwo pé, "Bàbá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, epo ń jó!" Ẹ ò pa á rí. Ẹ ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ ó nù ún, ẹ ó tún tì í bọ̀ ọ́, ẹ ó fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó gbé e sókè sójú oòrùn, ẹ ó wá gbóòórùn rẹ̀ bí ọbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Kámọ́rù ńkọ́? Ṣe ló pa á. Gbogbo wọn ló pa á.

Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi, a padà sí Òkòkòmáíkò. Mi ò pa ọkọ̀.

"Alága, ẹ pa á ká lè ríṣẹ́ ṣe."

"Mi ò pa á. Bí bàbá mi ṣe máa ń wò ó lo máa ṣe wò ó."

Ó kùn, àmọ́ ó ṣe é. Ọ́ìlì dúró síbi tó yẹ kó dúró, ó pupa, ó mọ́. Mo ní kó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e sí imú, ó tún gbé e sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kò jóná," ó ní. "Bí gíábọ́ọ̀sì bá ti kú, dúdú ló yẹ kí eléyìí jẹ́, kó máa rùn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò." Ó wá na ọwọ́ sí gbogbo èèyàn. "Ẹ dákẹ́ ná. Kí ló ń súfèé yẹn?"

Bàbá, ká ní a ti pa ẹ́ńjìnnì ni, ta ni ì bá gbọ́ ọ? Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí gíábọ́ọ̀sì. Ó ti ya níbi tó ti tẹ̀. Kámọ́rù ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa. Ó ní afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà gba inú rọ́bà yẹn ni gíà fi ń mọ̀ bóyá awakọ̀ rọra tẹ iná ni àbí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí rọ́bà bá ya, gíà á rò pé eré burúkú lẹ ń sá, á wá máa pẹ́ kó tó wọlé, bó bá sì ń wọlé, tipátipá ni.

Wọ́n fi bulọ́ọ̀kù há táyà, bulọ́ọ̀kù tèmi ni, mo dá a mọ̀. Kámọ́rù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àtàǹpàkò dí ojú ibi tó ya. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ tẹ bíréèkì, kó fi ọkọ̀ sí gíà. Mo di ara mi mú, mo ń retí gbàgà yẹn.

"Fi í sí i nísinsìnyí!"

"Dádì, ó ti wà ńbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó wọlé."

Kámọ́rù fa rọ́bà yẹn yọ, ó wo inú rẹ̀, kò sí ọ́ìlì kankan níbẹ̀. Ó ní ohun rere nìyẹn, pé ohun tí rọ́bà náà so mọ́ lára gíábọ́ọ̀sì ò tíì bàjẹ́. Ó fi tuntun sí i, ó dè é. Èmi ti ń pariwo dé ojú títì pé èmi ni mo tún gíà ọtọmátíìkì ṣe.

"Alága, àtàǹpàkò tèmi ńkọ́?"

"Àtàǹpàkò rẹ gbọ́ràn ni!"

Pánẹ́ẹ̀lì-bítà yẹn fi háámà kí mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Àbẹ̀kẹ́ wà á lọ sí Ìyànà-Ìbà, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gíà ń yí, mi ò mọ̀. Nígbà tí a wọ inú ọgbà tó rí ibi tó fi ọkọ̀ sí, kò pa á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mú áńkáṣíìfù yín látinú àpò ilẹ̀kùn, ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ, ó gbé e sójú oòrùn.

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Bàbá àgbà ni. Èmi ni mo máa ń bá wọn di áńkáṣíìfù mú lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ò kàn lè rí mi láti ojú fèrèsé yín ni."

"O mọ̀ ọ́n, o ò sì sọ̀rọ̀?"

Ó gbóòórùn ọ́ìlì, ó tì í padà kó tó dá mi lóhùn. "Bí mo bá sọ̀rọ̀, Dádì, á dà bíi pé ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń bẹ̀ yín. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin fúnra yín á kọ̀ fún àwọn mẹkáníìkì tó fẹ́ yí i."

Mo bá a pa bọ́nẹ́ẹ̀tì náà dé. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ti ọkọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ sí kíláàsì.

Èmi Alága, mo jáde sí ẹnu géètì, mo dá ọ̀kadà dúró. Kí n tó jókòó dáadáa, ó ti tẹ iná. Mo di ọkùnrin yẹn mú níbàdí títí dé Ìbà, agbádá mi ń fẹ́ lẹ́yìn, àwọn oníbulọ́ọ̀kù mi sì tú síta wá wò mí. Mo jẹ́ kí wọ́n wò mí.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ fi áńkáṣíìfù yẹn lé ọmọ náà lọ́wọ́, ṣé ẹ ti mọ̀ pé òun ni yóò wà á lọ́jọ́ kan? Ọkọ̀ tí mo fi ń yangàn pé mo rà fún yín, ṣé Àbẹ̀kẹ́ lẹ ti ń bá tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà yẹn?

Èmi ni, ọmọ yín tó ń pariwo lójú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, Bàbá mi. Mi ò ní ní kí ẹ pa á mọ́.